Sípílítà wo ló yẹ ẹ́ńtẹ́nà tó ní búsítà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Tákíẹ́ ni mo ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ́ńtẹ́nà wa àti búsítà rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú kí sígínà lágbára sí i, wà lórí ọ̀pá níta, àpótí tó ń fún búsítà ní iná sì wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n pálọ̀. Mo ra sípílítà oníhò mẹ́rin, ohun tó ń pín sígínà wáyà kan sí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n, kí yàrá àwọn òbí mi àti yàrá àwọn ọmọ lè máa rí àwòrán, ṣùgbọ́n bí mo ṣe so ó ni gbogbo ìkànnì lọ. Irú èwo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Kí ẹ tó ra òmíràn, ẹ kọ́kọ́ yẹ ibi tí ẹ so sípílítà náà sí wò, nítorí ó ṣeé ṣe kí ó má bàjẹ́ rárá. Wáyà kan náà tí sígínà ń gbà sọ̀kalẹ̀ ni iná ń gbà gòkè lọ bá búsítà. Bí sípílítà bá wà láàárín búsítà àti àpótí iná, ó lè dí iná náà lọ́nà, búsítà tí kò sì rí iná kì í jẹ́ kí ìwọ̀nba sígínà tí ẹ́ńtẹ́nà mú kọjá dáadáa.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni pé kí wáyà tó ń bọ̀ láti òkè kọ́kọ́ wọ inú àpótí iná, kí ẹ wá fi sípílítà sí ojú ibi tí sígínà ti ń jáde nínú àpótí náà. Bí ẹ bá ṣe é bẹ́ẹ̀, sípílítà lásán ti tó. Àmọ́ bí kò bá sí sọ́kẹ́ẹ̀tì níbi tí ẹ fẹ́ fi sípílítà sí, tó sì jẹ́ dandan kí àpótí iná wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ẹ ra èyí tí wọ́n kọ “DC PASS” tàbí “POWER PASS” (ìyẹn ni pé ó ń jẹ́ kí iná kọjá) sí ojú ihò rẹ̀ kan, ihò yẹn gan-an sì ni kí wáyà àpótí iná wọ̀.

Ní ti iye ihò, tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta ni ẹ ní, bí ẹ bá máa ra òmíràn, oníhò mẹ́ta ni kí ẹ rà, ẹ má ra oníhò mẹ́rin. Oníhò méjì máa ń dín sígínà kù ní nǹkan bí 3.5 dB (dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, òṣùwọ̀n bí sígínà ṣe ń dín kù tàbí pọ̀ sí i) lójú ihò kọ̀ọ̀kan, èyí tó ju ìdajì lọ díẹ̀. Oníhò mẹ́rin ń dín in kù ní nǹkan bí 7 dB, oníhò mẹ́jọ sì tó 11 dB. Nínú ọ̀pọ̀ oníhò mẹ́ta, ihò kan ń pàdánù 3.5 dB, méjì yòókù ń pàdánù 7 dB, nítorí náà yàrá tí wáyà rẹ̀ gùn jù ni kí ẹ fún ní ihò tó lágbára. Bí ihò kan bá ṣófo, ẹ fi ìdérí 75 Ω (óòmù, òṣùwọ̀n tó gbọ́dọ̀ bá ti wáyà mu) dé e, kí sígínà má baà padà sẹ́yìn láti ibẹ̀ kó sì da àwọn yòókù láàmú.

Ẹ wá èyí tí ara rẹ̀ jẹ́ irin, tí wọ́n kọ 5–1000 MHz (òṣùwọ̀n ìgbì sígínà) àti 75 Ω sí. Ìkànnì tẹlifíṣọ̀n tí ẹ́ńtẹ́nà ń mú kò kọjá 862 MHz, torí náà èyí tó dé 2400, tí wọ́n ṣe fún díìṣì, kò pọn dandan fún yín. Ẹ má sì fi búsítà kejì kún un lẹ́yìn sípílítà: ariwo tó ti wọ inú sígínà ni yóò tún gbé sókè, ìkànnì tó sún mọ́ yín sì lè lágbára jù fún tẹlifíṣọ̀n débi tí àwòrán yóò fi máa já.

Ẹ wo orí wáyà kọ̀ọ̀kan dáadáa kí ẹ tó dè é. Okùn wẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo láti ara àwọ̀n tó yí wáyà ká, bí ó bá fara kan bàbà àárín, ti tó láti gé iná búsítà. Lẹ́yìn náà, ẹ so tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ tààrà mọ́ àpótí iná láìsí sípílítà. Bí àwòrán bá yọ, ẹ dá sípílítà padà sí ojú ibi tí mo wí, kí ẹ sì tún ìkànnì wá. Bí kò bá wá yọ mọ́, ìgbà yẹn ni kí ẹ tó lọ ra tuntun.