Ìyá Ìbejì Fẹ́ Padà Sídìí Kóòdù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. PHP, èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì, ni mò ń kọ ní ọ́físì kan n'Íbàdàn kí n tó bí àwọn ìbejì mi ní 2014, mo bá jókòó tì wọ́n, kò pẹ́ ni rọpárọsẹ̀ mú màmá mi, èmi náà ni mo tọ́jú wọn títí wọ́n fi lọ. Àwọn ọmọ ti wọ sẹ́kọ́ńdírì báyìí, mo sì fẹ́ máa gba iṣẹ́ ṣe láti ilé, àmọ́ tí mo bá gbọ́ React (irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ojú wẹ́ẹ̀bùsáìtì), AI, àyà mi á já. Ṣé kò tíì bọ́ lọ́wọ́ mi báyìí? Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ títọ́, ẹ sì kú ara fẹ́ra kù ti màmá. Kò tíì bọ́ rárá. PHP àtijọ́ tẹ́ ẹ rò pé ó ti dògbólógbòó yẹn gan-an lọjà yín.

Nígbà tí PHP 7 jáde ní ìparí 2015, wọ́n yọ mysql_connect, àṣẹ tí gbogbo wa fi ń so wẹ́ẹ̀bùsáìtì mọ́ ibi tí dátà ẹ̀ wà, kúrò pátápátá, PHP 8 dé ní 2020 ó tún yọ òmíràn. Iléèwé, ṣọ́ọ̀ṣì, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ti ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì tipẹ́, ọjọ́ tí wọ́n bá gbé sáfà wọn (kọ̀ǹpútà tí wẹ́ẹ̀bùsáìtì wà lórí ẹ̀) sórí PHP tuntun, ojú ewé á kàn funfun báláú, tàbí kó kọ "Call to undefined function mysql_connect()" gàdàgbà síbẹ̀. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ kóòdù lánàá lè má rí irú ẹ̀ rí, á ní kí wọ́n da gbogbo ẹ̀ nù. Ẹ̀yin á ṣí i, ẹ á kà á bí ẹni ka lẹ́tà ara ẹ̀, ẹ á fi mysqli tàbí PDO, tí PHP tuntun fi ń ṣe iṣẹ́ yẹn, rọ́pò ẹ̀.

Torí náà ẹ má tíì sáré kọ́ React. Ẹ fi PHP 8 sórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ wá kóòdù àtijọ́ kan tó jẹ́ tiyín (kì í ṣe ti ọ́físì o), ẹ tún un ṣe títí á fi ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ gbé e sórí GitHub, sáìtì táwọn tó ń kọ kóòdù ń kó iṣẹ́ wọn sí, kí èèyàn lè rí bó ṣe wà àti bó ṣe wá dà. AI lè bá yín ṣàlàyé ibi tó bá ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n ẹ dán gbogbo ẹ̀ wò fúnra yín, torí nígbà míì ohun tí ò sí rárá ló máa ń kọ. Upwork, sáìtì tí wọ́n ti ń wá iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe láti ilé, ńkọ́? Ó dáa, àmọ́ owó ni Connects tí wọ́n fi ń tọrọ iṣẹ́ níbẹ̀, ó sì lè tán láìríṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ gba méjì mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ yín.

Ọ̀rọ̀ owó wá ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí dáadáa. Èmi náà fi iṣẹ́ sílẹ̀ fọ́dún mẹ́fà rí, sáìtì iléèwé kan ni mo kọ́kọ́ gbà nígbà tí mo padà, ojú ń tì mí láti béèrè àsansílẹ̀ torí mo rò pé àánú ni wọ́n ṣe mí, mo parí ẹ̀ tán, ọ̀gá ò gbé fóònù mọ́. Ẹ gba ìdajì kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, ẹ gba ìyókù kẹ́ ẹ tó gbé e fún wọn. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe àtohun tí ò sí níbẹ̀ sílẹ̀, ì báà jẹ́ lórí WhatsApp, torí "ẹ kàn bá wa fi kékeré yìí si" kì í tán.

Tí wọ́n bá bi yín nípa àwọn ọdún tẹ́ ẹ fi wà nílé, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí, ọmọ lẹ tọ́, ìyá lẹ tọ́jú, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Ọ́físì àtijọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè. Ẹ bi wọ́n bóyá oníbàárà kankan ṣì ń lo ohun tẹ́ ẹ kọ nígbà yẹn. Mo mọ̀ pé ọwọ́ yín á máa gbọ̀n lórí fóònù. Ẹ ṣáà pè wọ́n.