Lésà àbí abẹ? Ẹ kọ́kọ́ béèrè nípa hóró itọ́

Ẹ̀gbọ́n mi ní Iléṣà, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ẹ ní kókó kan hù sí inú ètè ìsàlẹ̀ ọmọkùnrin yín, ó tó ẹ̀pà, ó rọ̀, ó ń dán bí ẹni pé omi wà nínú rẹ̀, ó máa ń bẹ́, ó sì tún máa ń wú padà. Dókítà kan ní Ifẹ̀ ní abẹ ni òun máa fi gé e, ẹlòmíràn ní kí ẹ gbé e wá sí Èkó fún lésà, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ líle tó ń gé ẹran. Ẹ wá ń béèrè èyí tí kò ní dun ọmọ jù.

Ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́, lésà ló sábà máa ń rọrùn jù. Ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde, wọn kì í sì í sábà rán ojú rẹ̀. Àmọ́ ẹ má tíì sanwó mọ́tò Èkó.

Ohun tí ẹ ṣàlàyé yẹn jọ mucocele. Ọmọ gé ètè jẹ, ojú ọ̀nà itọ́ kékeré kan já, itọ́ wá ń dà sábẹ́ awọ dípò kó jáde sẹ́nu. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni àwọn hóró tó ń sun itọ́ wà, wọ́n kéré bí ọkà bàbà. Ẹni tó bá gé orí tó fi hóró sílẹ̀, ì báà lo abẹ, ì báà lo lésà, kókó yẹn ń padà bọ̀. Aṣiṣe tí mo rí i pé ó wọ́pọ̀ jù lọ nìyẹn, pàápàá níbi tí wọ́n ti ń fi lésà jó orí rẹ̀ lásán ní ìṣẹ́jú márùn-ún, tí wọ́n á ní ó ti parí.

Tí wọ́n bá fi abẹ ṣe é dáadáa, wọ́n á fún un ní abẹ́rẹ́ lidocaine tí kì í jẹ́ kó dùn, tí wọ́n pò mọ́ adrenaline tó ń dín ẹ̀jẹ̀ kù, wọ́n á yí ètè síta, ẹnìkan á fi ìka di ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mú ṣinṣin kí ẹ̀jẹ̀ má baà dà. Abẹ nọ́ńbà 15 ni wọ́n á fi gé e bí ìrísí ewé, wọ́n á kó gbogbo hóró tó bá yọjú, wọ́n á wá rán an níbi méjì tàbí mẹ́ta. Òwú sílíìkì, wọ́n á yọ ọ́ lẹ́yìn ọjọ́ méje. Èyí tó ń yọ́ fúnra rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀.

Lésà tí wọ́n ń pè ní diode ń fi okùn gíláàsì tín-ín-rín gé ẹran, ooru rẹ̀ sì ń dí ojú iṣan ẹ̀jẹ̀ bó ṣe ń gé lọ. Ooru yẹn kan náà ló ń jó etí ẹran, èyí sì kan láàbù, ìyẹn yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ẹran wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí mi níbí. Gbogbo ẹran tí wọ́n bá gé lẹ́nu ọmọ yín gbọ́dọ̀ dé láàbù. Inú fọ́málìn 10%, oògùn olómi tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà, ni kó wà, kí fọ́málìn náà tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran, kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ àti ibi tí wọ́n ti gé e sára ìgò. Kì í ṣe omi, ẹran á jẹrà nínú omi. Inú máa ń bí mi sí dókítà tó bá ní, "Kò sí nǹkan, mo ti rí irú ẹ̀ rí." Ojú lásán kò rí ohun tó wà nínú ẹran! Bó bá jẹ́ pé lésà ni, kí wọ́n gé e lódindi, kí wọ́n fẹ etí rẹ̀ díẹ̀ kí jíjó má baà ba ohun tí wọ́n fẹ́ wò jẹ́. Ẹni tó bá ní òun máa jó o di èéfín, ẹ kọ̀, torí kò sí ohun tó kù láti gbé lọ. Ẹ tún béèrè nọ́ńbà tí láàbù fún un, kí ẹ lọ gba èsì fúnra yín. Ìwé máa ń sùn sórí tábìlì àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí tí kò bá sí ẹni tó bi wọ́n.

Ẹ̀yin mìíràn tí kókó tiyín wà ní erìgì, tó sì ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ lọ fọ ìdọ̀tí líle ara eyín yín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á tún hù. Aboyún lè dúró kó bímọ ná, ó sábà máa ń súnkì. Èyí tó bá le, tàbí egbò tí kò jinná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀rọ̀ lésà kọ́ nìyẹn, ẹ tètè lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé gígé kókó náà ni kò sẹ́ni tó ń sọ fúnni. Ètè á kú, kò ní mọ nǹkan lára, fún bíi wákàtí méjì sí mẹ́ta. Ẹ máa ṣọ́ ọmọ kó má gé e jẹ. Ẹ fún un ní paracetamol kí ètè tó kú náà tó padà sípò, mílígíráàmù 15 fún kìlò kan ìwọ̀n ara rẹ̀, ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà. Ti abẹ máa ń wú jù ní ọjọ́ kejì sí ìkẹta, ó sì máa ń pa dé láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ti lésà á ní ìpẹ́ funfun tó ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú lójú rẹ̀. Ọyún kọ́. Ẹ má fi òwú nù ún, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án. Bí ìpẹ́ yẹn bá ń ṣí ní ìparí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó lè ta ọmọ ju ti ọjọ́ kìíní lọ, ojú rẹ̀ sì lè gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kó tó jinná. Ìdí nìyẹn tí "kò ní dùn ún rárá" tí wọ́n ń sọ fi máa ń bí mi nínú.

Ògì tó ti tutù àti ẹ̀kọ ni kó máa jẹ. Kò gbọdọ̀ sí ata, ọsàn tàbí ẹ̀pà. Láti ọjọ́ kejì, ẹ fi ìlàjì ṣíbí tíì iyọ̀ sínú ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kó máa fi yọ ẹnu jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, ẹ ká gọ́ọ̀sì, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn fún ogún ìṣẹ́jú láìyọ ọ́ wò. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ bẹ́ kókó yẹn nílé. Bí ọmọ bá ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell), ẹ sọ fún dókítà kó tó fún un lábẹ́rẹ́. Níbi tí wọ́n bá ti ń lo lésà, gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá, títí kan ọmọ, gbọ́dọ̀ lo awò ojú tó bá lésà náà mu.

Láti Iléṣà sí Ifẹ̀ kò ju bíi kìlómítà ọgbọ̀n lọ, ẹ lè padà lọ́jọ́ keje láìsí wàhálà. Ẹ bi dókítà Ifẹ̀ bóyá ó máa kó hóró itọ́ jáde, àti láàbù tó ń gbé ẹran lọ. Bó bá dáhùn méjèèjì láìkáàárẹ̀, ẹ jẹ́ kó fi abẹ rẹ̀ ṣe é.