Ẹ ka log tó wà nílẹ̀ kí ẹ tó fi nọ́ńbà kún un

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní 389 Directory Server yín (server tó ń tọ́jú orúkọ àti password àwọn tó ń lò ó) ń kọ INFO, NOTICE, WARNING àti ERR sínú fáìlì errors (log tí server ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí), ẹ ò mọ ìyàtọ̀ wọn, replication, ìyẹn ṣíṣe ẹ̀dà dátà láti server kan sí èkejì, sì ti dákẹ́. Ẹ wá fẹ́ mọ nọ́ńbà tí ẹ máa fi sí nsslapd-errorlog-level, ètò tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ tí server máa kọ síbẹ̀. Ojú egbò mi gan-an lẹ tẹ̀ yìí.

Nígbà tí tèmi dákẹ́, mo pe ẹnì kan tí wọ́n ní ó mọ̀ ọ́n dénú. Kò béèrè ohun tí mo rí nínú log. Ó ní kí n ṣí gbogbo nọ́ńbà sílẹ̀, òun á yẹ̀ ẹ́ wò lówùúrọ̀. Èmi náà gbọ́ tirẹ̀. Ẹ gbọ́, 1 nìkan, tó jẹ́ trace, ń kọ ìgbà tí server wọ inú function kọ̀ọ̀kan àti ìgbà tó jáde! Kí ilẹ̀ tó mọ́, server ń wọ́ bí ìgbín. Fáìlì errors kún, ó yí (server ṣí tuntun), ó tún kún. Bí àwọn log bá sì ti kún ààyè tí a fún wọn, èyí tó pẹ́ jù ni server ń pa rẹ́. Ìlà tí mo ń wá bá a lọ. Ọ̀gá wá dé, ó ní kí n fún òun ní ti àná. Àná wo?

Mo dá nọ́ńbà náà padà sí 16384 tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo tún server gbé dìde, ni mo bá rí i:

[14/Mar/2023:06:11:07.412905833 +0000] - ERR - NSMMReplicationPlugin - acquire_replica - agmt="cn=kan-si-meji" (srv2:389): Unable to acquire replica: Excessive clock skew between the supplier and the consumer. Replication is aborting.

Aago! Nínú server méjèèjì, supplier tó ń fi dátà ránṣẹ́ àti consumer tó ń gbà á, aago ọ̀kan ti fi ju ọjọ́ kan lọ ṣáájú èkejì. Irú ìlà yẹn kò nílò nọ́ńbà kankan, torí ohun tó wà ní 16384 máa ń jáde bó ti wù kí ẹ yí i.

Ẹ wo ìlà náà: àsìkò, bí ọ̀rọ̀ ṣe le tó, ẹ̀ka tó ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ má fojú fo +0000 yẹn, ìyẹn ìyàtọ̀ sí aago UTC, tí ẹ bá ń fi log server méjì wéra. Ẹ̀yà àtijọ́ kì í kọ ERR tàbí INFO rárá. INFO kì í ṣe àṣìṣe, ìròyìn lásán ni; ERR ni àṣìṣe. "Slapd started" pàápàá, INFO ni.

Ẹ má fi wé OpenLDAP, server míì tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, o. Níbẹ̀, 16384 kan náà, ọ̀rọ̀ replication ló jẹ́. Ẹni tó bá sì ṣi password tẹ̀, ẹ má wá a nínú errors. Inú log míì tó ń jẹ́ access ló wà, err=49 lẹ máa rí níbẹ̀.

Nọ́ńbà ńkọ́? Replication ni 8192, ACL (òfin ẹni tó lè wo nǹkan tàbí yí i) ni 128, ẹ lè ro wọ́n pọ̀ sí 8320. Dsconf, àṣẹ tí a fi ń ṣètò server yìí, lẹ máa fi yí i, ẹ ti mọ ìyẹn, kò gba restart. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ fi grep (àṣẹ tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì) wá ERR nínú èyí tó wà nílẹ̀, kí ẹ sì wo aago server méjèèjì. Bí kò bá sí nǹkan níbẹ̀, ẹ fi 8192 sí i níwọ̀nba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ da errors kọ síbòmíràn kó tó yí.