Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Wàràkàṣì Tí Wọ́n Fi Wáìnì Yọ́

Ìbéèrè: A sàláámù aláékúmù, Àfáà wa. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní Risala, ìwé òfin ẹ̀sìn, nílé-kéwú ní Ìlọrin kí n tó wá sí London. Iléeṣẹ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ fẹ́ kó àwa mẹ́rìnlá lọ sí Zermatt, ìlú kan láàárín òkè Alps ní Switzerland, fún ọjọ́ mẹ́ta nínú oṣù Jánúárì. Ọ̀gá mi ní èmi ni kí n yan ilé oúnjẹ tí gbogbo wa yóò ti jẹun lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. Fondue ni wọ́n ń pariwo, ìyẹn wàràkàṣì yíyọ́ tí wọ́n ń ki búrẹ́dì bọ̀, mo sì gbọ́ pé wáìnì wà nínú rẹ̀. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà sórí WhatsApp ẹbí wa. Àfáà kan ní kí n jẹ ẹ́, pé iná ti jó ọtí inú rẹ̀ tán, àti pé oúnjẹ àwọn oní-tírà (Kìrìsìtẹ́nì àti Júù) ni, Ọlọ́hun ti ṣe é ní ẹ̀tọ́ fún wa. Ẹlòmíràn ní n kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan nǹkan kan nílùú yẹn, kí n di gààrí àti àwo tèmi sínú báàgì, torí wọ́n ti se ẹlẹ́dẹ̀ nínú ìkòkò wọn. Ìjà ti dé báyìí, àwọn kan ti jáde kúrò nínú gúrúùpù. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni ká gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Wa alaykumu salaam wa rahmatullahi wa barakatuhu. Inú mi dùn pé o béèrè kí o tó jẹun. Ọ̀pọ̀ èèyàn, ìgbà tí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán, tí wọ́n nu ẹnu, ni wọ́n tó ń wá àfáà tí yóò bá wọn fọwọ́ sí i.

Àwọn méjèèjì tó dá ọ lóhùn ṣì í, ṣùgbọ́n àṣìṣe wọn kò dọ́gba. Ẹni tó ní kí o di gààrí, ìbẹ̀rù Ọlọ́hun ló gbé e kọjá ààlà. Ẹni tó ní kí o jẹ ọtí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ le, òun ni màá kọ́kọ́ dá lóhùn, torí ó ti ń tàn ká. Ẹnu ọjọ́ mẹ́ta yìí, èèyàn méjì mìíràn ti bi mí léèrè nípa kéèkì tí wọ́n fi ọtí rọ́ọ̀mù pò, àwíjàre kan náà ni wọ́n sì gbé wá: iná ti jó o.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó wà nínú ìkòkò náà ná. Wọ́n á fi aáyù ra inú ìkòkò tí wọ́n ń pè ní caquelon, wọ́n á da wáìnì funfun sí i, wọ́n á gbé e kaná. Bó bá gbóná, wọ́n á rẹ́ wàràkàṣì sí i. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìdajì Gruyère, ìdajì Vacherin ti Fribourg. Wọ́n á máa rò ó bí ẹni ń ro ẹ̀kọ títí yóò fi yọ́. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n gbé e síwájú yín, wọ́n á ta kirsch sí i, ọtí líle tí wọ́n fi èso ṣẹ́rì pọn, bí a ṣe ń fi ẹmu pọn ògógóró. Ṣé o rí i pé wáìnì kò ṣèèṣì kán sínú oúnjẹ yìí? Òun ni omi tí wọ́n fi sè é. Ẹni tó bá ní díẹ̀ ló wà níbẹ̀, kó lọ béèrè bóyá ọbẹ̀ ṣeé sè láìsí omi.

Ti pé iná jó o tán, irọ́ ni. Àwọn tó ń ṣe ìwọ̀n èròjà oúnjẹ fún ìjọba Amẹ́ríkà ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ọtí tí wọ́n rò pọ̀ mọ́ oúnjẹ, tó hó fún ìṣẹ́jú 15, nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Bó bá hó fún wákàtí méjì ààbọ̀, ìdá 5 ṣì kù. Fondue kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lórí iná, kirsch tí wọ́n sì ta sí i kẹ́yìn kò tíì mọ̀ pé iná wà. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì ti sọ pé ohun tí púpọ̀ rẹ̀ bá ń pa èèyàn bí ọtí, díẹ̀ rẹ̀ haràámù. Abu Dawud àti Tirmidhi ló gbà á wá.

Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ gbà fún un, ká ní iná jó gbogbo rẹ̀ tí kò ku ẹ̀kán kan. Ọ̀rọ̀ ṣì wà. Nínú mọ́sìábù wa, ìyẹn ìlànà òfin ẹ̀sìn tí à ń tọ̀, mọ́sìábù Imam Malik tí àwọn baba wa fi ń ṣẹ̀sìn kí a tó bí wa, nájíìsì, ohun àìmọ́, ni ọtí. Sheikh Khalil, àgbà onímọ̀ nínú mọ́sìábù náà, sì kọ ọ́ pé oúnjẹ tó bá jẹ́ ṣíṣàn, bó ti wù kó pọ̀ tó, nájíìsì díẹ̀ tó bá bọ́ sínú rẹ̀ ti bà á jẹ́. Rántí hádíìsì eku tó kú sínú òróró wàrà: bí òróró náà bá dì, ẹ yọ eku náà àti àyíká rẹ̀ sọnù kí ẹ jẹ ìyókù, bó bá ń ṣàn, ẹ má ṣe sún mọ́ ọn. Wàràkàṣì tó ti yọ́ sínú wáìnì, ṣíṣàn ni àbí dídì? Ọmọ ilé-kéwú ọlọ́dún kìíní yóò dáhùn ìyẹn. Ìgbà tí wọ́n da wáìnì sínú ìkòkò ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, kí iná tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kankan.

Mo mọ ohun tí àfáà yẹn yóò fà yọ. Yóò ní Rabi'a, tó jẹ́ olùkọ́ Imam Malik fúnra rẹ̀, sọ pé ọtí kì í ṣe nájíìsì. Òótọ́ ni, Rabi'a sọ bẹ́ẹ̀, Layth, onímọ̀ ìgbà ayé wọn, náà sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bóyá ó kan aṣọ ẹni, kí èèyàn fi kírun, ni wọ́n ń sọ. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó ní kí á bu ọtí sọ́bẹ̀. Kí èèyàn gba ìdajì ọ̀rọ̀ àgbà kó sì fi ìdajì tó kù pa mọ́, ìwà burúkú ni láàárín àwọn onímọ̀. Yóò tún ní ọtí máa ń di ọtí kíkan, tí a sì ń jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, Ànábì yin ọtí kíkan ní oúnjẹ, hádíìsì náà wà nínú ìwé hádíìsì Muslim. Ìyẹn ti kúrò ní ọtí, ó ti di nǹkan mìíràn: òórùn rẹ̀ yí, adùn rẹ̀ yí, kì í pa èèyàn mọ́. Wáìnì inú fondue kò yí padà sí nǹkan kan. Adùn rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń wá tí wọ́n fi dà á sí i. Bí o bá rí kùkúḿbà kékeré tí wọ́n rẹ sínú ọtí kíkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo rẹ, jẹ ẹ́, má wulẹ̀ béèrè.

Ti oúnjẹ àwọn oní-tírà, o ti kà á lọ́dọ̀ mi nínú Risala: kò sí aburú nínú oúnjẹ wọn àti ẹran tí wọ́n bá dú. Àyà Kùránì náà wà nínú Súrà Máídà, ìkarùn-ún. Ṣùgbọ́n ṣé nítorí pé Kìrìsìtẹ́nì ló se ẹlẹ́dẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ di halálì? Ohun tí Ọlọ́hun ṣe ní haràámù, ọwọ́ tó sè é kò lè sọ ọ́ di halálì.

Ó yá, ẹni tó ní kí o di gààrí. Mo bẹ̀ ẹ́, kó rọra. Abu Tha'laba, ọ̀kan nínú àwọn Sáhábà, ìyẹn àwọn ẹlẹgbẹ́ Ànábì, bi Ànábì ní ìbéèrè yìí gan-an. Ó ní ilẹ̀ àwọn oní-tírà ni àwọn ń gbé, wọ́n ń se ẹlẹ́dẹ̀ nínú ìkòkò wọn, wọ́n sì ń mu ọtí nínú ife wọn. Ànábì kò sọ pé kó di gààrí. Ó ní bí ẹ bá rí òmíràn, ẹ lo òmíràn. Bí ẹ kò bá rí, ẹ fi omi fọ̀ ọ́, kí ẹ jẹun nínú rẹ̀. Kò sí ilé oúnjẹ tí kì í fọ àwo. Ó parí. Ẹni tó bá tún ń ro ìkòkò lẹ́yìn èyí, wáswáàsì, ìyẹn iyèméjì asán, ló ń dà á láàmú, kó wá àdúà sí i.

Bákan náà ni ti wàràkàṣì lásán. Wàrà tí a ń jẹ ní Ìlọrin, omi bọmubọmu ni àwọn Fúlàní fi ń mú un dì. Gruyère ní tirẹ̀, ohun tí wọ́n yọ nínú ikùn ọmọ màlúù ló ń mú un dì. Àwọn kan ti sọ ọ́ di ogun, torí ọ̀nà tí wọ́n gbà pa màlúù náà. Àwọn Sáhábà wọ Iráàkì, wọ́n sì jẹ wàràkàṣì àwọn abọná, tí ẹran tí àwọn yẹn dú kò tilẹ̀ tọ́ sí wa láti jẹ. Imam Malik kò fẹ́ràn ti àwọn abọná, ìyẹn sì wà lọ́kàn mi, ṣùgbọ́n àwọn ará Switzerland kì í ṣe abọná. Jẹ wàràkàṣì rẹ.

Wáá gbọ́ ibi tí ìrọ̀rùn wà, tí àfáà tó ń ti iná lẹ́yìn kò sì mọ̀. Oríṣi fondue kan wà, ti Fribourg, Vacherin nìkan ni wọ́n fi ń ṣe é, omi gbígbóná ni wọ́n sì fi ń yọ́ ọ dípò wáìnì. Wá ilé oúnjẹ tó ń ṣe ìyẹn. Wọ́n lè ta kirsch sí i, nítorí náà béèrè. Èyí tó tún rọrùn jù ni raclette, oúnjẹ agbègbè Valais tí Zermatt wà nínú rẹ̀: wọ́n á fi ojú wàràkàṣì kọ iná, wọ́n á ha èyí tó bá yọ́ sórí ọ̀dùnkún sísè. Wáìnì kì í wọ inú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sí. Ṣọ́ra fún búrẹ́dì tí wọ́n yọ́ wàràkàṣì lé lórí, torí wọ́n sábà máa ń fi wáìnì rin búrẹ́dì náà. Ṣọ́ra fún rösti, ọ̀dùnkún díndín, wọ́n lè gé ẹlẹ́dẹ̀ wẹ́wẹ́ sí i. Àwo ẹran gbígbẹ ti Valais náà, màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ ló ń wà lórí pákó kan náà.

Kí ló dé tí mo ní kí o béèrè níbí, tí mo ní kí o má béèrè níbẹ̀ yẹn? Ohun tí àṣà ìlú bá fi sínú oúnjẹ, a ti mọ̀ ọ́n, a kò lè díbọ́n pé a kò mọ̀. Ohun tí kò hàn, Ọlọ́hun kò ní kí á tú u. Aisha (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) gbà á wá pé àwọn kan sọ fún Ànábì pé wọ́n ń gbé ẹran wá fún àwọn, àwọn kò mọ̀ bóyá wọ́n pe orúkọ Ọlọ́hun sí i. Ó ní ẹ̀yin ẹ ṣe bisimilláhi, kí ẹ jẹ ẹ́.

Ẹran ilẹ̀ náà ńkọ́? Láti ọdún 1893 ni àwọn ará Switzerland ti dìbò pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dú ẹran láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ lù ú kó dákú. Òfin sì gbà kí wọ́n kó ẹran halálì wọlé láti òkèèrè. Bí ẹran bá kú kí ọ̀bẹ tó dé ọrùn rẹ̀, òkú ni. Bí ẹ̀mí bá ṣì wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹni tó bá gbé ara lé àyà oúnjẹ àwọn oní-tírà tó jẹ ẹ́, n kò ní pè é ní ẹlẹ́ṣẹ̀. Èmi kò ní jẹ ẹ́. Ẹja wà. Sọ fún wọn kí wọ́n má fi ọbẹ̀ wáìnì sí i. Ká ní Interlaken lẹ ń lọ ni, ọ̀rọ̀ ì bá tún rọrùn, torí àwọn Lárúbáwá pọ̀ níbẹ̀, àwọn ilé oúnjẹ halálì sì wà fún wọn.

Ohun tó kù ló wúwo jù lójú mi, ìwọ kò sì béèrè rẹ̀. Èèyàn mẹ́rìnlá, tábìlì kan, ìgò wáìnì láàárín. Ànábì sọ, nínú ohun tí Jabir gbà wá, pé ẹni tó bá gba Ọlọ́hun àti ọjọ́ ìkẹyìn gbọ́, kó má ṣe jókòó níbi oúnjẹ tí wọ́n ti ń gbé ọtí yípo. Ó sì ṣẹ́ èpè fún èèyàn mẹ́wàá lórí ọtí, ẹni tó rà á wà nínú wọn, ẹni tó gbé e náà wà nínú wọn. Nítorí náà, o lè yan ilé oúnjẹ, o lè fóònù gba àyè, ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ ni yóò bá wọn bèèrè fún ọtí, káàdì rẹ kọ́ ni yóò san owó rẹ̀. Lọ bá ọ̀gá rẹ nísinsìnyí, kì í ṣe alẹ́ ọjọ́ náà. Sọ fún un pé mùsùlùmí ni ọ́, kó yan ẹlòmíràn fún ọ̀rọ̀ ọtí, kó sì jẹ́ kí wọ́n tẹ́ tábìlì méjì, kí ìwọ àti ẹni tí kò bá mu wà ní ọ̀kan. Àwọn òyìnbó máa ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí ju bí a ṣe rò lọ. Bó bá kọ̀, kí wọn nígbà tí wọ́n bá dé, ṣeré díẹ̀, kí o lọ jẹun ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó ṣí ìgò. Má parọ́ pé inú ń run ọ́.

Gba àyè oúnjẹ náà sí aago méje ààbọ̀ tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí oòrùn tètè máa ń wọ̀ níbẹ̀ ní Jánúárì, kí o lè kírun kí o tó jáde. Ọjọ́ mẹ́ta rẹ kò tó ọjọ́ mẹ́rin tí mọ́sìábù wa fi ń sọ arìnrìn-àjò di onílé, nítorí náà rákà méjì ni Ìṣáì rẹ. Mẹ́ta ni Màgáríbì, kì í dín.

Èdè Jámánì ni wọ́n ń sọ ní Zermatt. Kọ èyí sínú fóònù rẹ kí o fi han agbáwo: ohne Wein, ohne Kirsch, ohne Schweinefleisch. Láìsí wáìnì, láìsí kirsch, láìsí ẹlẹ́dẹ̀. Kí o sì bá mi fi ìdáhùn yìí ránṣẹ́ sí àwọn tó jáde kúrò nínú gúrúùpù, kí wọ́n padà wọlé.

Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.