Sẹ́dà aláǹtakùn, awọ olú: kí ni kí n bi olùtajà kí n tó sanwó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Báàgì àti jákẹ́ẹ̀tì ni mo ń rán. Olùtajà kan fi ègé nǹkan méjì ránṣẹ́ sí mi kí n yẹ̀ wọ́n wò. Ó pe ọ̀kan ní sẹ́dà aláǹtakùn, ó pe èkejì ní awọ olú. Ó ní inú ìṣẹ̀dá ni méjèèjì ti wá, pé wọn ò pa ẹran kankan, pé bí èèyàn bá sọ wọ́n nù, wọ́n á jẹrà. Owó wọn ò kéré rárá. Méjì nínú àwọn oníbàárà mi sì ti ní àwọn ò ní ra ohunkóhun tí wọ́n bá fi jíìnì ṣeré nínú rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni olùtajà yìí ń sọ? Kí ni kí n bi í, kí sì ni kí n sọ fún àwọn oníbàárà mi?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí owó tó jáde. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé sí mi, ìgbà tí ọjà bá ti wọlé tán ni wọ́n ń rántí béèrè.

Olùtajà yín lè má parọ́, ṣùgbọ́n ó ti di ẹrù púpọ̀ jù sínú gbólóhùn kan. "Inú ìṣẹ̀dá ló ti wá" lè jẹ́ pé èèyàn wo ìṣẹ̀dá, ó kọ́ ọgbọ́n lára rẹ̀, ó sì lọ fi nǹkan mìíràn ṣe tirẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀dá alààyè gan-an ni wọ́n gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Ìpolówó kì í yà wọ́n sọ́tọ̀, ìbéèrè tí èèyàn máa bi ọ̀kan kọ́ ló sì máa bi èkejì.

Ẹ wo ohun tí ẹ fi ń pa ẹnu báàgì dé, èyí tó ń dún "ràà" bí a bá fà á ya. George de Mestral, ará Switzerland, ló ṣe é. Ní 1941, nígbà tó ti igbó dé, ó rí i pé èso igbó kan ti lẹ̀ mọ́ aṣọ òun àti irun ajá òun bí èèmọ́. Ó fi maikirosikóòpù wò ó, ó rí ìkọ́ wẹ́wẹ́ lára rẹ̀, ó sì gba páténtì, ìyẹn ẹ̀tọ́ oníhùmọ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíì ṣe é láìgbàṣẹ, lórí ìhùmọ̀ rẹ̀ ní 1955. Èso igbó ló kọ́ ọ níṣẹ́, àmọ́ náílọ́ọ̀nù ló fi ṣe é, náílọ́ọ̀nù kì í sì í jẹrà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ tí omi kì í dúró lé. Ewéko omi kan wà tí wọ́n ń pè ní lotus, ó jọ òṣíbàtà wa. Ní 1997, Wilhelm Barthlott àti Christoph Neinhuis, onímọ̀ ewéko ní Jámánì, ṣàlàyé ìdí tí ewé rẹ̀ fi ń mọ́ tónítóní nínú ẹrẹ̀: kì í ṣe pé ó ń dán, gbágungbàgun ló rí. Kókó wẹ́wẹ́ tí ìda bò ló kún ojú rẹ̀, omi á dúró sí ṣóńṣó àwọn kókó yẹn, á yí dànù, á sì gbá eruku lọ. Ẹ̀kọ́ tó dùn mọ́ mi ni. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú aṣọ tí wọ́n polówó pé omi ń yí dànù lára wọn bíi ti ewé yìí, PFAS ni wọ́n fi pa á lójú, kẹ́míkà tó máa ń wà nínú omi àti ilẹ̀ fún ọjọ́ gbọọrọ láì túká. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀rí ọkàn rajà, kò yẹ kó jẹ́ kí orúkọ ewé mú òun gbàgbé láti béèrè ohun tí wọ́n fi kun aṣọ.

Ti aláǹtakùn ló gba àlàyé jù. Òwú tó fi ń so ara rẹ̀ rọ̀ láti òkè, bí a bá fi ìwúwo wé ìwúwo, ó lágbára ju irin lọ, ó sì máa ń nà dáadáa kó tó já. Kí ló dé tí wọn ò fi sìn ín bí wọ́n ṣe ń sin kòkòrò sẹ́dà? Ẹ kó ọgọ́rùn-ún aláǹtakùn sínú àpótí kan, bó bá ṣe díẹ̀, ìwọ̀nba àwọn tó sanra ni ẹ máa bá níbẹ̀. Simon Peers àti Nicholas Godley gbìyànjú ọ̀nà mìíràn ní Madagásíkà. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn ń mú aláǹtakùn wá láti ìta, wọ́n ń fa òwú lára rẹ̀, wọ́n sì ń dá a sílẹ̀ padà. Ó gbà wọ́n ní nǹkan bí ọdún 4 àti aláǹtakùn tó lé ní 1,000,000 kí wọ́n tó rí aṣọ kan ṣoṣo hun, èyí tí wọ́n gbé síta fún aráyé wò ní New York ní 2009. Irú èyí kọ́ ni ẹnikẹ́ni ń tà ní yáàdì-yáàdì.

Ohun tí olùtajà yín ń tà, bí kì í bá ṣe ayédèrú, jíìnì wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ránṣọ, á yé yín báyìí: jíìnì dà bí ìwé tí ẹ fi ń gé aṣọ. Bí ẹ bá gbé ìwé tí ẹ fi ń gé jákẹ́ẹ̀tì fún télọ̀ mìíràn, á gé irú jákẹ́ẹ̀tì yín, síbẹ̀ kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di ẹ̀yin. Wọ́n da jíìnì tó ń sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe purotéènì òwú aláǹtakùn kọ, wọ́n gbé e fún ẹ̀dá mìíràn, ẹ̀dá yẹn sì ń ṣe purotéènì náà láì di aláǹtakùn.

Ta wá ni télọ̀ kejì yìí? Ẹ bi olùtajà yín ní ìbéèrè yìí ṣáájú gbogbo ìyókù. Ní nǹkan bí ọdún 2000, ilé-iṣẹ́ Nexia ní Kánádà gbé e fún ewúrẹ́, tí purotéènì aláǹtakùn ń bá wàrà rẹ̀ jáde. Àwọn mìíràn gbé e fún kòkòrò sẹ́dà. Bakitéríà tàbí ìwúkàrà ni àwọn mìíràn ń lò: wọ́n á máa fi ṣúgà bọ́ wọn nínú táńkì ńlá, wọ́n á yọ purotéènì náà, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sọ ọ́ di ìyẹ̀fun, wọ́n á tún yọ́ ọ, kí wọ́n tó tì í gba ojú ihò tín-ín-rín kọjá di òwú.

Bí ó bá ní kòkòrò sẹ́dà ni, ọ̀rọ̀ "a ò pa ẹran" ti ṣubú nìyẹn, nítorí kí òwú rẹ̀ má bàa gé, inú omi gbígbóná tàbí ooru ni wọ́n sábà máa ń pa kòkòrò náà sí, nínú ilé tó hun bo ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ ewúrẹ́, wọn ò pa á, ṣùgbọ́n wọ́n bí i fún iṣẹ́ tí kò bá wọn jíròrò lé lórí. Ní tèmi o, iṣẹ́ tí bakitéríà bá ti lè ṣe, n ò rí ìdí tí a fi máa gbé e fún ohun tó mọ ìrora. Bẹ́ẹ̀ ti bakitéríà náà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Oko ni ṣúgà tó ń jẹ ti ń wá, oko sì ń gba ilẹ̀ àti omi. Olùtajà tó mọṣẹ́ rẹ̀ yẹ kó lè sọ ibi tí ṣúgà náà ti wá.

Ohun kan tún wà tí ìpolówó kì í dárúkọ. Bí omi bá kan òwú aláǹtakùn, ó máa ń súnkì gidigidi. Ilé-iṣẹ́ Spiber ní Japan àti The North Face fi jákẹ́ẹ̀tì Moon Parka han aráyé ní 2015. Ọdún 2019 ni wọ́n tó rí i tà, 50 péré, nítorí wọ́n ní láti tún ìlànà purotéènì náà kọ kí òjò má bàa sọ jákẹ́ẹ̀tì àgbà di ti ọmọdé. Ohun tí wọ́n tà kẹ́yìn kì í wá ṣe òwú aláǹtakùn bí aláǹtakùn ṣe ń ta á. Aláǹtakùn ló kàn fún wọn ní èrò rẹ̀. N kò kà á sí ẹ̀tàn, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó kọ "sẹ́dà aláǹtakùn" sára ọjà tiyín.

Ní ti àwọn oníbàárà yín tí wọn ò fẹ́ gbọ́ jíìnì sétí, ẹ lè sọ fún wọn pé ọgbọ́n yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Tẹ́lẹ̀, inú ẹlẹ́dẹ̀ àti màlúù ni wọ́n ti ń yọ ínsúlínì tí àwọn alátọ̀gbẹ ń gún. Ní 1978, wọ́n fi jíìnì èèyàn sínú bakitéríà, ó sì ṣe ínsúlínì èèyàn. Ní 1982, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa tà á. Èròjà tó ń mú wàrà dì di wàràkàṣì, ikùn ọmọ màlúù ni wọ́n ti ń wá a. Ní 1990, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí èyí tí ẹ̀dá àìfojúrí ṣe. Òwú tó máa dé ọwọ́ yín kò lè hù, kò lè bímọ, bí irun orí ló ṣe rí. Ẹ̀dá tí wọ́n yí jíìnì rẹ̀ padà ń bẹ nínú táńkì lọ́hùn-ún, níbẹ̀ ni ìbẹ̀rù tó nídìí wà: ṣé wọ́n sé e mọ́ dáadáa? Àwọn onímọ̀ fúnra wọn ló pe ìpàdé lórí èyí ní Asilomar ní Kalifọ́níà ní 1975. Àdéhùn Cartagena tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2003 sì ń darí bí wọ́n ṣe ń gbé irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ láàyè kọjá ẹnubodè.

Bí oníbàárà bá wá gbọ́ gbogbo èyí tán tó ní ìgbàgbọ́ òun kò gbà á, ẹ má bá a jiyàn. Ara rẹ̀ ni aṣọ máa wà. Ẹ kọ ọ́ gbangba pé ẹ̀dá tí wọ́n yí jíìnì rẹ̀ padà ló ṣe òwú yìí. Mo ti rí àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ dídùn bo gbólóhùn kékeré yìí mọ́lẹ̀ kí ọjà lè yá, èmi ò sì lè gbè wọ́n lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ awọ olú ò ṣòro tó bẹ́ẹ̀. Olú tí a ń ká, bí èso ló rí. Ara rẹ̀ gan-an ni fọ́nrán funfun tó ń rákò kiri nínú igi tó ń jẹrà. Wọ́n á sìn ín sínú lẹ́búlẹ́bú pákó, fọ́nrán á hun mọ́ra wọn bí ẹní, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì pa á láró. Lọ́pọ̀ ìgbà kò sí jíìnì tí wọ́n yí padà nínú rẹ̀, nítorí náà àwọn oníbàárà yín méjì yẹn lè rí i rà. Ojú rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Kó má bàa tètè bó, kí omi má sì wọ̀ ọ́, wọ́n sábà máa ń fi polyurethane kùn ún, ike ni ìyẹn. Olú á jẹrà, ike orí rẹ̀ á kù.

Ọ̀rọ̀ "á jẹrà" ò nítumọ̀ láìsọ ibi àti ìgbà. Ike PLA, tí wọ́n ń fi ṣúgà àgbàdo ṣe, máa ń jẹrà ní ibi tí wọ́n ti ń sọ pàǹtírí di ajílẹ̀ nínú ooru tó tó ìwọ̀n 60 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Bó bá bọ́ sínú òkun, á wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ẹ bi olùtajà yín: ṣé ilẹ̀ lásán ni ó máa jẹrà sí, àbí ilé-iṣẹ́? Láàárín oṣù mélòó? Pẹ̀lú ọ̀dà ojú rẹ̀ àbí láìsí i?

Ìbéèrè tó kù ni pé ta ló ni ín. Ní 1994, ọ́fíìsì páténtì ilẹ̀ Yúróòpù fún ilé-iṣẹ́ W.R. Grace àti ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà ní páténtì lórí lílo òróró igi neem, dọ́ńgóyárò, láti gbógun ti olú wẹ́wẹ́ tó ń ba ọ̀gbìn jẹ́. Àwọn ará Íńdíà ní ohun tí àwọn ti ń ṣe látayébáyé nìyẹn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó jàre: 2000 ni wọ́n fagi lé páténtì náà, 2005 sì ni kòtẹ́milọ́rùn parí. Àdéhùn Nagoya, tí wọ́n ṣe ní 2010, ní kí ẹni tó bá lo ẹ̀dá ilẹ̀ kan pín èrè pẹ̀lú àwọn onílẹ̀. Ṣùgbọ́n lónìí, kò pọn dandan kí aláǹtakùn kúrò nínú igbó. Èèyàn lè ka lẹ́tà jíìnì rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, kó ní kí ilé-iṣẹ́ tẹ DNA náà, èròjà tí jíìnì wà nínú rẹ̀, jáde fún òun. Nítorí èyí ni àwọn orílẹ̀-èdè ṣe fohùn ṣọ̀kan lórí àpò owó kan nínú ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Cali, ní Kòlóḿbíà, ní 2024, kí àwọn tó ń fi irú ìsọfúnni bẹ́ẹ̀ pawó máa dá sí i. Àtinúwá ni dídá owó náà. N ò retí pé kí olùtajà kékeré mọ gbogbo èyí. Ẹ ṣáà bi í nípa aláǹtakùn ilẹ̀ ibo ni, kí ẹ sì wo bó ṣe máa dáhùn.

Kí èsì rẹ̀ tó dé, ẹ gé díẹ̀ lára ègé méjèèjì. Ẹ wọn gígùn ti sẹ́dà, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi di ọjọ́ kejì, ẹ sá a, ẹ tún un wọ̀n. Ẹ fi ẹ̀mú di fọ́nrán kan mú, ẹ tiná bọ̀ ọ́ níta pẹ̀lú omi nítòsí. Bó bá ń rùn bí irun tó jóná, tí eérú rẹ̀ sì ń rún, purotéènì ni. Bó bá yọ́ tó di kókó líle, ike ni wọ́n tà fún yín. Àmọ́ iná kò lè sọ ti aláǹtakùn yàtọ̀ sí sẹ́dà lásán, ìwé àyẹ̀wò ni ẹ máa gbà fún ìyẹn. Ní ti awọ olú, ẹ gé etí rẹ̀ kó mú, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ fi èékánná họ ojú rẹ̀: bí ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kan bá ń ṣí kúrò bí ọ̀rá, ọ̀dà ike nìyẹn. Bí sẹ́dà náà bá sì ti súnkì tó hàn sójú, ẹ má fi rán jákẹ́ẹ̀tì. Ó ṣì wúlò fún inú báàgì, níbi tí òjò ò ti ní kàn án.