Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Níbo Ni Àkókò Mi Ń Gbà Lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo ń ṣe nílé mi ní Ilé-Ifẹ̀. Láti àárọ̀ dalẹ́ ni mo ń jókòó ti kọ̀ǹpútà, síbẹ̀ iṣẹ́ kì í tán. Báwo ni mo ṣe lè mọ ibi tí àkókò mi ń gbà lọ?

Ìdáhùn: Ẹ lè lo ActivityWatch, ètò orí kọ̀ǹpútà tí ó ń ṣàkọsílẹ̀ iye àkókò tí ẹ ń lò lórí ohun kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá ṣí. Ọ̀fẹ́ ni, orí ẹ̀rọ yín sì ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ ń wà. Tí ẹ kò bá fọwọ́ kan ẹ̀rọ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 3, yóò kà á sí pé ẹ ti dìde. Ibẹ̀ gan-an ni ó ti lè ṣì yín lọ́nà, nítorí pé ògbufọ̀ tí ó ń ronú lórí gbólóhùn kan, tàbí tí ó ń yẹ ìwé atúmọ̀ èdè wò, ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa kọ iye ojú ìwé tí ẹ túmọ̀ lójúmọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wákàtí tí ó bá kà, kí ẹ sì kọ àsìkò tí iná bá lọ náà sílẹ̀.