Èsì: Ṣé àlejò lè wọ ìpàdé Rotary?

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ béèrè bóyá ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ lè jókòó nínú ìpàdé Rotary, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń ṣe iṣẹ́ àánú, ní Abẹ́òkúta. Àlejò lè wá, pàápàá bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá pè é. Láti ọdún 2016, òfin àgbáyé wọn gba ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan láyè láti máa pàdé lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, dípò ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀.

Ẹ wá lọ́jọ́ tí wọ́n bá pe olùbánisọ̀rọ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ dókítà tàbí olùkọ́ kan lè di iṣẹ́ àánú fún àdúgbò bíi Ìtòkú tàbí Láfẹ́nwá. Ní tèmi, iṣẹ́ tó wú mi lórí jù ni ìjà pẹ̀lú àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ kárí ayé ní 1985.